Dáínósọ̀ oníke: Ohun ìṣeré ọmọdé tí àwọn àgbà ń fowó ńlá wá kiri

Ní oṣù kẹfà, ọdún 1993, tí fíìmù Jurassic Park jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn ohun ìṣeré tó bá a jáde ni dáínósọ̀ pupa kan báyìí. Rọ́bà rírọ̀ ni awọ ara rẹ̀, bátìrì ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Bí òbí bá rà á délé, páálí tó wà nínú rẹ̀ lọmọ yóò kọ́kọ́ fà ya, ìyá ọmọ yóò gbá páálí náà mọ́ pàǹtí, ọ̀rọ̀ parí. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí. Ẹni tó ń wá dáínósọ̀ pupa yẹn rà lónìí kì í ṣe ọmọdé mọ́, àgbàlagbà tó ṣeé ṣe kó ti ní ọmọ tirẹ̀ ni. Ìbéèrè tó sì máa kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún un ni pé, "Ṣé páálí rẹ̀ ṣì wà?"

Bí páálí bá wà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i rí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọn yóò máa pè é. Bí ọmọdé bá ti fi ṣeré, tí ọ̀dà rẹ̀ ti hó, tí ẹ̀yà kan lára rẹ̀ sì ti sọnù, owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ wá di nǹkan mìíràn: nínú ohun tí wọ́n ṣe nítorí kí ọmọ lè fi ṣeré, èyí tí ọmọ kò fọwọ́ kàn ló wá níye lórí jù lọ.

Àwọn tó ń kó irú dáínósọ̀ báyìí jọ kò kéré ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Jàpáàn. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé ìwà ọmọdé ló ń dà wọ́n láàmú, tàbí pé owó nìkan ni wọ́n ń lé. Lóòótọ́, owó wà níbẹ̀, ìrántí ìgbà èwe náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú dáínósọ̀ oníke tí kò sí nínú mọ́tò oníke tàbí bèbí, ohun náà sì ni ó ń mú kí èyí tó ti gbó, tí kò tilẹ̀ jọ ẹranko náà mọ́, ṣì níye lórí lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Richard Owen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fún àwọn ẹranko ayé ọjọ́un wọ̀nyí lórúkọ lọ́dún 1842. Inú èdè Gíríìkì ló ti fa orúkọ náà yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí alángbá tó ń dẹ́rù bani. Nǹkan bíi 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n run, àfi ìran wọn kan tó di ẹyẹ. Yorùbá sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n ta ló rí dáínósọ̀ rí? Egungun tó ti di òkúta ni àwọn onímọ̀ ń hú nínú ilẹ̀, egungun náà kì í sì í sábà pé. Àwọ̀ ara ẹranko náà, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń gbé ìrù rẹ̀, bóyá ó ní ìyẹ́ lára tàbí kò ní, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti fi ìwádìí àti àròjinlẹ̀ wá rí. Nítorí náà, bí agbẹ́re bá mọ dáínósọ̀ kan, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́ lọ́dún náà ló mọ. Bí ìmọ̀ bá yí padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ère kò lè yí padà mọ́. Ó ti di ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó lókìkí wà ní Sydenham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1854 ni wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ kan níbẹ̀, tí agbẹ́re Benjamin Waterhouse Hawkins fi bíríkì, irin àti sìmẹ́ǹtì mọ àwọn dáínósọ̀ ńláńlá sínú rẹ̀, tí Owen sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1853, Hawkins pe àwọn onímọ̀ bíi 20 wá jẹun, inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe dáínósọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Iguanodon ni wọ́n sì tẹ́ tábìlì sí. Ìwo kékeré kan wà lórí imú Iguanodon náà, bíi ti àgbáǹréré. Lọ́dún 1878, àwọn awakùsà tó ń wa èédú ní Bernissart, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, kan egungun ọ̀pọ̀ Iguanodon lábẹ́ ilẹ̀, ni àṣírí bá tú: ohun tí wọ́n fi sórí imú kì í ṣe ìwo rárá, àtàǹpàkò ẹranko náà ni. Hawkins ti ṣe ère kéékèèké irú wọn, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ère kéékèèké wọ̀nyí ni a lè pè ní bàbá ńlá dáínósọ̀ oníke òde òní, tìwo-tìwo orí imú ni wọ́n sì jáde.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá sọ ọ́ di ọjà. Iléeṣẹ́ epo kan tí wọ́n ń pè ní Sinclair fi dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó sì kó ère wọn lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago láàárín ọdún 1933 sí 1934. Lọ́dún 1935, ó ń pín ìwé àlẹ̀mọ́ fún àwọn oníbàárà, káàkiri ilé epo ni wọ́n sì ti ń gba àwòrán dáínósọ̀ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ìpàtẹ àgbáyé mìíràn wáyé ní New York ní ọdún 1964 sí 1965, ọkọ̀ ojú omi ni Sinclair fi gbé àwọn dáínósọ̀ 9 tó tóbi bíi ti gidi gba orí odò Hudson, tí èrò sì dúró létí odò tí wọ́n ń wò wọ́n. Ẹ̀rọ kan wà níbi ìpàtẹ náà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sọ owó ẹyọ sí i, yóò rọ dáínósọ̀ kékeré kan lójú ẹni, tí onítọ̀hún yóò sì gbà á bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́. Àwọn olùkójọ ṣì ń wá àwọn tí ẹ̀rọ yẹn rọ títí dòní.

Iléeṣẹ́ Louis Marx ló wá kó o wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Láti ọdún 1955 ló ti ń ta dáínósọ̀ oníke kéékèèké, tó sì wá ń dì wọ́n sínú páálí kan náà pẹ̀lú igi ọ̀pẹ, òkè àti àwọn èèyàn inú ihò àpáta. (Èèyàn àti dáínósọ̀ kò bá ara wọn láyé rí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí òótọ́ ba eré jẹ́?) Tyrannosaurus ti Marx yọ ikùn, ó dúró gangan, ó sì wọ́ ìrù nílẹ̀, ó jọ ọkùnrin tó jẹun yó tó ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ṣe ń yà á nìyẹn. Àwòrán gbàràmù-gbaramu tí Rudolph Zallinger yà sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale, èyí tó parí lọ́dún 1947, ni púpọ̀ nínú àwọn ère Marx fi jọ, bó sì ṣe rí nínú àwòrán náà nìyẹn.

Lẹ́yìn Marx ni àwọn olówó pọ́ọ́kú láti Hong Kong dé. Àwọn wọ̀nyí kò bá ọ̀mọ̀wé kankan ṣe ìpàdé. Wọ́n lè fi ìwo síbi tó bá wù wọ́n, wọ́n lè lẹ ìyẹ́ apá mọ́ alángbá, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, ó di títà. Ẹni tó bá rò pé ìdọ̀tí lásán ni wọ́n, kó gbọ́ èyí: láti inú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré Dungeons & Dragons sílẹ̀ lọ́dún 1974, ti rí àwọn ère tó sọ di abàmì ẹranko inú eré náà, títí kan èyí tó ń jẹ irin. Ní báyìí, àwọn kan wà tí wọn kò kó nǹkan mìíràn jọ ju àwọn oníranù láti Hong Kong wọ̀nyí lọ. Wọ́n nira láti rí, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun tọ́jú wọn.

Ohun tó da gbogbo nǹkan rú ni iṣẹ́ John Ostrom ti Yunifásítì Yale. Lọ́dún 1964 ló rí egungun dáínósọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Montana, ó sì sọ ọ́ ní Deinonychus lọ́dún 1969. Ẹranko náà fúyẹ́, ó yára, ìrù rẹ̀ sì nà gbọọrọ sẹ́yìn. Kò jọ ọ̀lẹ alángbá tí Zallinger yà sára ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé dáínósọ̀ kò wọ́ ìrù nílẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n ń gbé e sókè kó lè bá orí àti àyà dọ́gba, bí igi òṣùwọ̀n.

Ẹ wo ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún ẹni tó ń rọ ike. Dáínósọ̀ ajẹran tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí ìrù rẹ̀ kò sì kanlẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró lórí tábìlì? Nígbà tó ń wọ́ ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, bí àga ìdáná. Bí ìrù ti gòkè, ó di ẹlẹ́sẹ̀ méjì, orí sì wúwo. Ọgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n dá sí i. Àwọn kan sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di gbẹ̀ǹgbẹ̀, àwọn kan gbé e ka orí pẹpẹ, àwọn mìíràn kàn dọ́gbọ́n jẹ́ kí ṣóńṣó ìrù kanlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá sì dúró dáadáa ní ọjọ́ tí wọ́n rà á, bí ooru bá mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á wá tẹ̀, á ṣubú lu àwọn yòókù. Ohun tí àwọn olùkójọ ń ṣe ni pé wọ́n á ti ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, wọ́n á fọwọ́ tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n á sì tètè gbé e sínú omi tútù kó lè gan bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yìí ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láwọn ọdún 1970, iléeṣẹ́ Invicta ń ṣe dáínósọ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kò sí ọ̀dà, kò sí ariwo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ara wọn mọ́ tónítóní. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Safari àti Carnegie Museum of Natural History tó wà ní Pittsburgh jọ bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1988, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di ọdún 2015. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ìdá kan nínú 40, kí ọmọdé lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó sì mọ èyí tó ju èkejì lọ. Ẹni tó bá ní ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí lára àkójọ Carnegie yìí lè rí i bí ìmọ̀ ṣe rìn láàárín ọdún 27: Tyrannosaurus ti ìṣáájú nàró, èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ti iléeṣẹ́ Battat, tí wọ́n ṣe fún Museum of Science ní Boston láti ọdún 1994, kò pẹ́ lọ́jà tó fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó wọn fi gòkè. Ọ̀kan nínú wọn ni Ouranosaurus, dáínósọ̀ tí iké ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Ẹranko yìí kò jìnnà sí wa rárá. Inú aṣálẹ̀ Ténéré, lórílẹ̀-èdè Niger tó bá Nàìjíríà pààlà lápá òkè, ni wọ́n ti hú egungun rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Philippe Taquet, ló sì fún un lórúkọ lọ́dún 1976.

Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ kí fíìmù tó dé. Jurassic Park ló wá sọ iná di ìjì. Michael Crichton ló kọ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1990. Chip Kidd tó ṣe èèpo ìwé náà ya egungun Tyrannosaurus dúdú kan sí i, àwòrán yìí ni àwọn tó ṣe fíìmù sì gbà, tí wọ́n sọ di àmì tí ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Steven Spielberg ló darí fíìmù náà. Iléeṣẹ́ tó lé ní 100 ló gba àṣẹ láti lo àmì náà, irú ọjà tí wọ́n ṣe sì tó 1,000: ife ìmumi, agolo oúnjẹ ọmọ iléèwé, káàdì, aṣọ, aṣọ ibùsùn, ìwé àwòrẹ́rìn-ín. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé, nínú fíìmù náà gan-an, kámẹ́rà kọjá lórí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ife àti aṣọ tó ní àmì Jurassic Park lára. Wọ́n ń polówó ọjà nínú ìtàn tó ń fi àwọn olówó tó fẹ́ sọ dáínósọ̀ di ọjà ṣe yẹ̀yẹ́.

Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì, síbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni dáínósọ̀ fi hàn nínú rẹ̀. Ohun ìṣeré ló wá dí àlàfo tó kù fún àwọn ọmọdé. Iléeṣẹ́ Kenner, tó wà ní Cincinnati, ló gba iṣẹ́ náà. Ó tẹ lẹ́tà JP àti nọ́ńbà mọ́ ara dáínósọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn darandaran ṣe ń sàmì sára màlúù, kí òbí lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Àmì kékeré yìí ni àwọn olùkójọ kọ́kọ́ ń wá bí wọ́n bá gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Kenner tún ṣe é kí ìwọ̀nba ẹran ara ọ̀pọ̀ nínú dáínósọ̀ náà máa yọ kúrò, kí ọmọ lè rí egbò àti egungun ìhà lábẹ́ rẹ̀, kó sì tún dá a padà. Ẹ̀yà tó ń yọ yìí kò ju owó ẹyọ lọ lára àwọn kan. Ẹ lè fojú inú wo iye tó há sábẹ́ àga, iye tí ajá gbé mì, iye tí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fà lọ. Àwọn kan wà lónìí tí dáínósọ̀ wọn pé láti orí dé ìrù, àmọ́ tí wọ́n ti ń wá ẹ̀jẹ́ ẹran kékeré yẹn kiri láti ọdún gbọọrọ. Níbi tí kò bá ti sí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń rọ tuntun tí wọ́n ń tà, wàhálà mìíràn sì nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni gbogbo ara ohun tí òun rà.

Kenner kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ páálí. Òun náà ló ṣe ohun ìṣeré Star Wars. Nígbà tí fíìmù yẹn jáde ní oṣù karùn-ún, ọdún 1977, èrò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ohun ìṣeré kò sì lè tètè jáde kí Kérésì tó dé. Kenner bá ń ta páálí pẹlẹbẹ kan tí kò sí ohun ìṣeré kankan nínú rẹ̀, àyàfi ìwé ẹ̀rí pé wọn yóò fi í ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn òbí rà á. Páálí yẹn, pẹ̀lú ìwé inú rẹ̀, ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń jìjàdù lé lórí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Star Wars yìí sì hàn kedere ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra ti Jurassic Park lọ́dún 1993 rò pé ọgbọ́n ti yé àwọn: wọ́n ra méjì-méjì, wọ́n fi ọ̀kan sínú páálí sókè àjà, wọ́n ń retí ọjọ́ iwájú. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn èèyàn oníke kéékèèké inú ọjà náà, tí ojú wọn kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jọ ti àwọn òṣèré, kò wọ́n títí di báyìí. Ohun tí gbogbo èèyàn bá tọ́jú kì í wọ́n. Àwọn dáínósọ̀ ńlá tí ọmọdé fi ṣeré, tí wọ́n fọ́ wọn, tí wọ́n sin wọ́n sínú yanrìn, àwọn ló gòkè.

Láti ìgbà náà ni fíìmù àti sáyẹ́ǹsì ti pínyà, ohun ìṣeré sì há sáàárín. Velociraptor inú fíìmù ga tó èèyàn, ara rẹ̀ sì ń dán bí ara alángbá. Velociraptor tí wọ́n hú egungun rẹ̀ ní Mòǹgólíà kò fi bẹ́ẹ̀ ju tòlótòló lọ. Lọ́dún 1996, wọ́n gbé dáínósọ̀ kan jáde ní Ṣáínà tí ìyẹ́ wẹ́wẹ́ hàn lára òkúta rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2007, àwọn onímọ̀ rí ojú ibi tí ìyẹ́ ti so mọ́ egungun apá Velociraptor fúnra rẹ̀. Kò sí iyèméjì mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Jurassic World jáde lọ́dún 2015, ìhòhò ni Velociraptor wà, ohun ìṣeré náà sì wà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ rí lójú agbo ni yóò béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ìgbà tó di Jurassic World Dominion, ọdún 2022, ni wọ́n tó gbé dáínósọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pyroraptor jáde pẹ̀lú ìyẹ́ rẹpẹtẹ.

Ti Spinosaurus ló le jù. Ní Íjíbítì ni wọ́n ti hú egungun rẹ̀ lọ́dún 1912, Ernst Stromer ará Jámánì fún un lórúkọ lọ́dún 1915, ó sì kó o lọ sí Munich. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1944, bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, gbogbo egungun náà sì parẹ́. Àwòrán àti àkọsílẹ̀ ló kù. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn oníke ń ṣe kò ju pé kí wọ́n mú Tyrannosaurus, kí wọ́n na imú rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì, kí wọ́n sì fi ìgbòkun sí i lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Jurassic Park III lọ́dún 2001. Lọ́dún 2014, Nizar Ibrahim àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi egungun tuntun láti Mòrókò hàn pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú gan-an. Àwọn iléeṣẹ́ bá tún mọ́ọ̀dù wọn ṣe. Wọn kò tíì tà á tán tí àwọn onímọ̀ kan náà fi tún gbé ìrù rẹ̀ jáde lọ́dún 2020: ó fẹ̀ bí àjẹ̀ ìtukọ̀. Mọ́ọ̀dù tún di àtijọ́. Ẹni tó bá to Spinosaurus oníke 4 tàbí 5 láti ọdún 1990 wá sí ìsinsìnyí sórí pẹpẹ kan náà, kò sí ẹni tó máa gbà fún un pé ẹranko kan ṣoṣo ni.

Ọwọ́ iléeṣẹ́ Mattel ni àṣẹ fíìmù náà bọ́ sí, lẹ́yìn tó ti wà lọ́dọ̀ Hasbro. Mattel mọ̀ pé ọmọ ọdún 1993 ti ń gba owó oṣù. Lọ́dún 2022, ó gbé ọ̀wọ́ kan tó pè ní Hammond Collection jáde, ó fi orúkọ olówó inú ìtàn náà pè é, ó fi ìṣẹ́po sí oríkèé ara wọn, ó sì kun ọ̀dà sí wọn dáadáa, kó lè jọ ti fíìmù àkọ́kọ́. Àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Fíìmù mìíràn, Jurassic World Rebirth, tún jáde ní oṣù keje, ọdún 2025, ọjà tuntun sì bá a dé. Àwọn kan rò pé bí tuntun tó dára jù bá ti dé, àtijọ́ yóò di yẹpẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tuntun ló ń ránni létí àtijọ́.

Àmọ́ ọ̀tá kan wà tí owó kò lè dá dúró. Wọ́n máa ń po òróró kan mọ́ ike kó lè rọ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òróró náà a máa là á jáde bí òógùn, ara ohun ìṣeré á wá máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku á sì gbá a mú. Awọ rọ́bà àwọn dáínósọ̀ ńlá ti Kenner kò mórí bọ́ nínú èyí. Ike funfun á pọ́n bí eyín ẹni tó ń fa tábà. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ á ṣomi, á sì jẹ irin inú rẹ̀ tán. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé èyí tó wà nínú páálí tí wọn kò ṣí rí náà ń jẹrà, ẹni tó ni ín kò sì lè ṣí i wò, nítorí bó bá ti ṣí i, owó rẹ̀ ti já. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í gbé e síbi tí oòrùn ti ń ta, wọn kì í dì í mọ́ inú ọ̀rá pinpin, wọn kì í jẹ́ kí oríṣi ike méjì fara kan ara wọn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń fọ èyí tó bá ti ń lẹ̀.

Àwọn mìíràn ń gbé tiwọn lọ sí Action Figure Authority, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń yẹ ohun ìṣeré wò, tí yóò fún un ní máàkì, tí yóò sì tì í mọ́ inú àpótí tó mọ́lẹ̀ kedere bíi dígí. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ tà á, torí àwọn onímàgòmágó ti ń fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ páálí àtijọ́ padà. Síbẹ̀, kò sí máàkì tó lè yanjú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí Marx kógbá sílé, àwọn mìíràn ra mọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n sì ń rọ dáínósọ̀ tuntun jáde nínú wọn. Bí ẹni tó ń gé búlọ́ọ̀kù bá kú, tí ẹlòmíràn gba mọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣé búlọ́ọ̀kù ẹni àkọ́kọ́ ni yóò máa gé? Àwọn olùkójọ kò tíì fẹnu kò. Àwọ̀ ike àti bó ṣe rí lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń dá ti ìgbà náà mọ̀ yàtọ̀ sí ti lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ère Hawkins ṣì wà ní Sydenham. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí ìpele tó ga jù lọ lára àwọn ohun àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò lọ́dún 2007. Lọ́dún 2020, ẹnu ọ̀kan nínú wọn, Megalosaurus, wó lulẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2021, wọ́n ṣe òmíràn sí i. Bí ti àtijọ́ ṣe rí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é, wọn kò tún un ṣe láti bá ìmọ̀ òde òní mu. Ìwo orí imú Iguanodon náà ṣì wà níbi tí Hawkins fi í sí.